Oògùn ti kúrò lára, ọkàn ò tíì dúró sójú kan: ṣé ADHD ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́kùnrin kan ní London ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tó mu igbó kẹ́yìn. Ó ti ń sùn dáadáa, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, lẹ́tà owó iná wà lórí tábìlì tí kò tíì ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ kọ́kọ́rọ́ nù lọ́sẹ̀ kan. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀gá ló ń wò, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíì. Ìyá rẹ̀ ní, "O ò kúkú mu nǹkan kan mọ́, kí ló tún kù? Ìwà ọ̀lẹ ni." Òun fúnra rẹ̀ wá ń rò ó pé nígbà tí òun ń mu ún, ó kéré tán, orí òun máa ń pa rọ́rọ́.

A kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba la mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nínú ẹbí tàbí láàárín ọ̀rẹ́. Èrò tó gbẹ̀yìn yẹn ló lè dá èèyàn padà sídìí oògùn. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò: ohun tí à ń pè ní ọ̀lẹ lè jẹ́ àìlera tó ní orúkọ, tó sì ní ìtọ́jú.

Kí ló ń jẹ́ ADHD?

Láti kékeré ni ADHD ti ń bá èèyàn bọ̀. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ní in láti fọkàn sí ohun kan fún ìgbà pípẹ́, láti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí láti ro nǹkan kó tó ṣe é. Tó bá dàgbà, sísá káàkiri lè dínkù, àmọ́ ìgbàgbé, pípẹ́ dé ibi gbogbo àti ara tí kì í balẹ̀ lè ṣẹ́kù.

NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní England, ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà 3 sí 4 nínú 100 ló ní in. Láàárín àwọn tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé ó tó nǹkan bí ẹni 23 nínú 100.

Àwọn kan nínú wọn ti ṣàkíyèsí pé igbó ń mú kí ara àwọn balẹ̀, tàbí pé kokéènì ń jẹ́ kí ọkàn àwọn pa pọ̀. Wọ́n ń tọ́jú ara wọn láìmọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ń dá ọgbẹ́ míì sílẹ̀.

Àbí oògùn ló ń jáde lára?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró lẹ́yìn tó jáwọ́ ló ní ADHD. Tí èèyàn bá fi igbó sílẹ̀, inú lè máa bí i sódì, oorun lè dá lójú rẹ̀, kó má sì lè fọkàn sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ a rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun lè pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Ọtí àti kokéènì náà lè fi àárẹ̀ sílẹ̀ nínú ọpọlọ. Àníyàn àti ìbànújẹ́ sì lè jọ ADHD.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. DSM-5, ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013, sọ pé àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kí wọ́n sì hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bíi ilé àti iléèwé. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: báwo ni mo ṣe rí kí n tó fẹnu kan oògùn rárá?

Ìbéèrè tó kan Mọ́mì

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò sábà máa ń fẹ́ bá ẹni tó mọ èèyàn ní kékeré sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n rí èsì iléèwé. Kì í rọrùn. Àwọn kan nínú wa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta fún ọdún díẹ̀, ìwé èsì sì ti sọnù. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí míì pé wọ́n fẹ́ pe ọmọ àwọn ní wèrè. Tí ẹ bá ní, "Mọ́mì, ṣé mo ní ADHD?" ẹ lè gbọ́, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò sí i nílé wa."

Ẹ bi wọ́n ní ìtàn, ẹ má bi wọ́n ní orúkọ àìsàn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje? Kí ni tíṣà máa ń sọ nípa mi?" Ìyá tó ní kò sí i nílé òun lè fi wákàtí kan ròyìn bí ẹ ṣe ń gun kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹ ṣe sọ kóòtù mẹ́ta nù ní sáà kan, àti bí tíṣà ṣe ń kọ ọ́ pé ẹ gbọ́n àmọ́ ẹ kì í fọkàn sílẹ̀. Ẹ̀rí tí dókítà ń wá nìyẹn. Tí kò bá sí Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí náà lè sọ ọ́.

Oògùn ADHD ńkọ́?

Ó yéni tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bá ń bẹ̀rù. Methylphenidate àti lisdexamfetamine wà lára oògùn tí òfin Ìlú Ọba ń ṣọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ ara yàtọ̀. Kokéènì tí èèyàn fín símú máa ń gbé dopamine, èròjà inú ọpọlọ, sókè lójijì. Lisdexamfetamine tí a gbé mì máa ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Atomoxetine tún wà, tí kì í ṣe irú wọn rárá.

Ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 tẹ̀ lé ọkùnrin 54 tí wọ́n ń jáde bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n ní ADHD, tí amphetamine sì ti di bárakú fún. Àmì ADHD dínkù lára àwọn tó gba methylphenidate, oògùn olóró sì ṣọ̀wọ́n nínú ìtọ̀ wọn ju ti àwọn tó gba oògùn àfiṣe lọ. Abẹ́ àmójútó dókítà ni o, kì í ṣe kéèyàn tọrọ hóró méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lọ́dún 2018 pé kí wọ́n tètè yẹ àwọn tó wà nínú ìtọ́jú bárakú wò fún ADHD, kí wọ́n sì tọ́jú méjèèjì pọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí la lè ṣe?

Ní England, ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín wọ ibi ìtọ́jú oògùn àti ọtí ládùúgbò yín, ọ̀fẹ́ ni. Fún àyẹ̀wò ADHD, ẹ lọ bá GP yín. Ìlà máa ń gùn, torí náà ẹ béèrè nípa Right to Choose, ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí wọ́n á ti yẹ̀ yín wò. Ẹ sọ òótọ́ nípa ohun tí ẹ mu àti ìgbà tí ẹ mu ún. Ẹni tó bá sì ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró láìsọ fún dókítà, torí ó lè fa gìrì.

Ní ti ọ̀dọ́kùnrin wa, oṣù mẹ́rin tó fi jáwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n jọ ṣí lẹ́tà iná yẹn. Lẹ́yìn náà, kó sọ fún un bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.