Ohun tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn

Bí òbí bá ṣí báàgì ọmọ ọlọ́dún márùn-ún wò lọ́jọ́ Fúráìdè, ohun tó sábà máa ń bá níbẹ̀ kò ju bébà kan tí ọmọ náà kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ìlà méjì-mẹ́ta tó fi pẹ́ńsù tọ̀, àti lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ gàdàgbà sí òkè ìwé. Àwọn òbí mìíràn a máa bínú pé ṣé nítorí èyí làwọn ṣe ń sanwó ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan ni, bí olùkọ́ bá sì ṣe é bó ṣe yẹ, iṣẹ́ náà kò kéré rárá.

Lọ́dún 2013 tí ìjọba àpapọ̀ ṣàtúnṣe sí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n fi ọdún kan ti jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, fún àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tí wọ́n ń múra láti wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sáà mẹ́ta ló wà nínú ọdún, sáà kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Olùkọ́ kì í kàn ṣàdédé wọ kíláàsì. Ìwé ètò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti pín iṣẹ́ sáà náà sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé ẹ̀kọ́ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ní ìwé kíkọ nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, bí wọ́n ṣe ń tọrọ ààyè láti lọ tọ̀, àti bí yóò ṣe pe orúkọ ara rẹ̀ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ìró lẹ́tà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń lo Jolly Phonics, wọ́n sì pọ̀ ní Nàìjíríà, kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, c. Orí s, a, t, i, p àti n ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìró mẹ́fà yìí nìkan ti tó láti so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké bíi sat, pin àti tap pọ̀. Ìró méjìlélógójì ni wọ́n yóò kọ́ pátá. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè máa pariwo “sss” kiri inú ilé, tí ìyá rẹ̀ yóò sì rò pé eré lásán ló ń ṣe.

Ní ti òǹkà, ọmọ tó lè ka oókan dé ọgọ́rùn-ún lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣa ìdérí ìgò mẹ́fà nínú mẹ́wàá, kò tíì mọ ẹ̀ẹ́fà. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò lo òkúta wẹ́wẹ́, igi àti ìdérí ìgò fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó mú ọmọ kọ nọ́ńbà. Bákan náà ni ti ìwé kíkọ: amọ̀ mímọ àti bébà yíya ni yóò kọ́kọ́ fún ìka lágbára, kí ìlà òòró àti òbìrípo tó tẹ̀ lé e, kó tó wá kan lẹ́tà. Ara, ẹbí, oúnjẹ, ọjà, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìwọ̀nyí náà ló ní ọ̀sẹ̀ tiwọn. Ìdánwò ló máa ń gba ìparí sáà, kò sì dájú pé àǹfààní ọmọ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n bá ń fi ìdánwò àkọsílẹ̀ síwájú ẹni tí kò tíì mọ pẹ́ńsù dì mú. Ojú òbí ló ń tù.

Ọ̀rọ̀ èdè ló wá le jù. Ìlànà ìjọba tẹ́lẹ̀ ni pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti ní kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò kà á sí. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Òótọ́ ni pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò, síbẹ̀ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kéré sí ìyẹn, èdè ilé sì ni ó gbọ́ jù.

Nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni ohun tó ń sọnù ti hàn. Ní ọ̀sẹ̀ ẹbí, ọmọ yóò kọ́ “brother”, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ní ọ̀sẹ̀ òǹkà, yóò mọ “sixteen”, kò sì ní mọ̀ pé ẹẹ́rìndínlógún túmọ̀ sí pé a yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún, ìṣirò tó wà nínú orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìró, kò sí gb, kò sí ẹ, kò sí ohun tí yóò jẹ́ kó mọ ìyàtọ̀ igbá, igba àti ìgbà.

Fífagi lé ìlànà yẹn kò ní kí wọ́n má kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2018 ṣì pọn ọ́n ní dandan fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ètò sáà lọ́wọ́ olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Bí wọ́n bá ń kọ́ òǹkà ẹ̀ẹ́fà níléèwé, kí ọmọ ka àwo mẹ́fà sórí tábìlì ní Yorùbá lálẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ oúnjẹ ni, kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, kó máa dárúkọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú bí wọ́n ṣe ń rà wọ́n.