Ibi Tí “Tí” Ti Ń Di “Who”, “Whom” Tàbí “Whose”

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n mọ Ṣómólú mọ́ jákèjádò Èkó. Ní òpópónà Shipeolu àti Bajulaiye àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká ni wọ́n ti ń tẹ káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú, púpọ̀ nínú wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ẹni tó gbé iṣẹ́ wá àti ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà sábà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ìwé bá ti bọ́ lórí ẹ̀rọ tán, àṣìṣe inú rẹ̀ ti dọwọ́ gbogbo àlejò tó bá gbà á, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké kan tó máa ń da òǹkọ̀wé láàmú, ìyẹn “who”, “whom”, “whose”, “which” àti “that”.

Arọ́pò-orúkọ ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, iṣẹ́ méjì ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ń so awẹ́ gbólóhùn, ìyẹn gbólóhùn kékeré tó wà nínú gbólóhùn ńlá, mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí awẹ́ náà ń ṣàlàyé, wọ́n sì tún ń dúró fún ọ̀rọ̀-orúkọ náà nínú awẹ́ ọ̀hún. Ní ti Yorùbá, “tí” kan ṣoṣo ló ń so wọ́n pọ̀, kì í sì í béèrè bóyá ènìyàn ni à ń sọ tàbí ẹ̀rọ, bóyá ẹni náà ló ṣe nǹkan tàbí òun ni wọ́n ṣe nǹkan sí. Nítorí èyí, ẹni tó bá gbà pé “whom” kò ju “who” tó wọ agbádá lọ yóò kọ “our father, whom died in Lagos” sínú ìwé ètò ìsìnkú, yóò sì rò pé òun ti bọ̀wọ̀ fún olóògbé.

Síbẹ̀, inú Yorùbá fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. “Tí” kì í yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń tẹ̀lé e máa ń yí padà. Bí ẹni tí à ń sọ bá jẹ́ olùwà awẹ́ náà, ìyẹn ẹni tó ṣe nǹkan, “ó” ni yóò tẹ̀lé “tí”: obìnrin tí ó ta bébà, “the woman who sold the paper”. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, ìyẹn ẹni tí ìṣe náà bá, àyè rẹ̀ yóò ṣófo lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe: obìnrin tí a pè, “the woman whom we called”. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ni nǹkan, “rẹ̀” yóò fojú hàn: obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Shipeolu, “the woman whose shop is on Shipeolu Street”. Ẹni tó bá kọ “the woman that her shop” kò tíì gbọ́ pé “whose” ti ṣe iṣẹ́ “tí” àti ti “rẹ̀” pọ̀, bí “the man who he came” náà ṣe jẹ́ “tí ó” tí a tú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Kọ́kọ́rọ́ yìí a tilẹ̀ máa yanjú ibi tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ti ń ṣìnà. Ṣé “the man who we believe owns the machine” ni, tàbí “whom we believe”? Ojú lè tan òǹkọ̀wé nítorí “we believe” tó wà láàárín, kí ó sì mú “whom”. Bí ó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, “ọkùnrin tí a gbà pé ó ni ẹ̀rọ náà”, “ó” ti jáde lẹ́yìn “pé”, “who” sì ni èsì rẹ̀.

Ní ti nǹkan tí kì í ṣe ènìyàn, “which” tàbí “that” ni à ń lò, ṣùgbọ́n “whose” bá nǹkan náà mu, nítorí náà kò sí ẹ̀bi nínú “the machine whose belt broke”. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo “which” fún Ọlọ́run nínú Àdúrà Olúwa, nítorí pé ó bófin mu nígbà náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì òde òní kì í lò ó fún ènìyàn mọ́.

Ohun tó kù ni kómà, òun ló sì lágbára jù nínú ọ̀ràn yìí. Bí awẹ́ náà bá ń ya ohun kan sọ́tọ̀ láàárín irú rẹ̀, kò sí kómà. Bí ó bá kàn ń fi àlàyé kún ohun tí a ti mọ̀ dájú, kómà di dandan, a kò sì gbọdọ̀ lo “that”. CMS Grammar School kan ṣoṣo ló wà ní Bàrígà, nítorí náà “CMS Grammar School, which was founded in 1859, moved to Bariga in 1959” ni à ń kọ, pẹ̀lú kómà méjì. H. W. Fowler dábàá nínú ìwé rẹ̀, A Dictionary of Modern English Usage, ní ọdún 1926 pé kí “that” máa ṣe ìyàsọ́tọ̀, kí “which” sì máa ṣe àfikún. Àwọn olóòtú ìwé ní Amẹ́ríkà fara mọ́ èyí gan-an ju àwọn ti Britain lọ, tí wọ́n ṣì ń lo “which” fún méjèèjì. Yorùbá náà ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé “ẹni tí” àti “èyí tí” ló sábà máa ń ṣe àfikún.

Nínú ìwé ètò ìsìnkú, “his wife who lives in Bariga” láìsí kómà lè mú kí òǹkàwé gbà pé ìyàwó mìíràn wà níbòmíràn, pé Bàrígà ni a fi ń dá ti ibẹ̀ mọ̀ yàtọ̀. “His wife, who lives in Bariga,” kò ní ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀: ìyàwó kan ni, ẹni tí ó ń gbé ní Bàrígà. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà kò lè fi gírámà nìkan mọ èyí tó tọ́. Àfi kí ó bi ẹbí léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, iye ìyàwó tí bàbá fi sílẹ̀, kí ìwé tó gorí ẹ̀rọ.