Ọ̀nà Igi Inú Irà

Bí a bá ti Òkìtìpupa sọ̀kalẹ̀ gba Igbókòdá lọ síhà òkun, ilẹ̀ gbígbẹ yóò máa dín kù, irà yóò sì máa gbilẹ̀. Níbẹ̀, àwọn Ìlàjẹ tí ó bá Ìkálẹ̀ pààlà kò dúró de ilẹ̀ kí ó gbẹ: wọ́n ri òpó mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n to pákó lé e lórí, ó di ọ̀nà. Irú afárá pákó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi so ilé pọ̀ mọ́ ilé ní Àyétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1970, Ray Sweet, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wa ilẹ̀ irà ní Somerset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe alábàápàdé pákó kan. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn tọpasẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2 ni ó jáde. Òruka inú àwọn igi náà ni a kà tí a fi mọ̀ pé ọdún 3807 tàbí 3806 ṣáájú ìbí Kristi ni a gé wọn.

Báwo ni igi ṣe lo ohun tí ó lé ní 5,000 ọdún láìjẹrà, nígbà tí ikán kì í jẹ́ kí òpó ahéré oko pẹ́? Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Olú àti kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ igi di ìyẹ̀pẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí afẹ́fẹ́, omi tí ó dúró sínú irà kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Ìdí nìyí tí ewé àti gbòǹgbò tí ó kú síbẹ̀ kì í fi í jẹrà tán, tí wọ́n fi ń di ilẹ̀ dúdú rírọ̀. Ẹni tí ó bá ti fa òpó afárá ògbólógbòó yọ rí yóò jẹ́rìí sí i: ìdí rẹ̀ tí ó wà nínú ẹrẹ̀ le koko, ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ni ó ti ń kọ́kọ́ jẹrà.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, darandaran Fúlàní kan tí ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ agbẹ́gi nínú ilẹ̀ ní ọdún 1987. Ọkọ̀ náà ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Amọ̀ tútù ni ó pa á mọ́, kì í ṣe ilẹ̀ irà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ṣùgbọ́n bí irà bá gbẹ, ààbò náà tán. Ní Somerset, ó di dandan láti fi ẹ̀rọ fa omi sí apá kan ọ̀nà àtijọ́ náà kí ó má baà gbẹ. Nítorí náà, bí ẹni tí ń gbẹ́ ojú omi tàbí tí ń fi iyanrìn kún irà ní ẹkùn Ìkálẹ̀ bá kan òpó tàbí pákó dúdú, kí ó má ṣe sá a sóòrùn, kí ó má sì là á fún igi ìdáná. Igi tí omi ti mu yó tó bẹ́ẹ̀ máa ń súnkì, a sì máa là bí ó bá gbẹ lójijì. Kí ó fi ẹrẹ̀ tútù bò ó padà, kí ó sì ránṣẹ́ sí àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.