Ṣé o mọ̀? Ìmáàmù tó ko agbébọn lójú

Nínú Timbuktu, fíìmù tí Abderrahmane Sissako ṣe lọ́dún 2014, àwọn agbébọn wọ mọ́ṣáláṣí tàwọn ti bàtà àti ìbọn. Ìmáàmù kò pariwo. Ó rọra ní kí wọ́n jáde, káwọn èèyàn lè kírun. Fíìmù náà kì í kánjú rárá. Àwọn agbébọn náà ti fòfin de bọ́ọ̀lù, làwọn ọmọkùnrin bá ń gbá èyí tí kò sí, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gbá a wọlé! Bí irú àwọn agbébọn bẹ́ẹ̀ ṣe gba ìlú Timbuktu ní Mali lọ́dún 2012 ló dá lé, àmọ́ Oualata ní Mauritania ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó gba méje nínú àmì-ẹ̀yẹ César, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Faransé. Ó yẹ kí wọ́n gbé e wá sí Òkìtìpupa, torí ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí náà làwọn agbébọn ti pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St Francis, Ọ̀wọ̀, ní June 5, 2022.