Igi Kan Wó, Igbó Dúró

Ẹni tó bá kúrò ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó gba Òkìnní wọ Òṣogbo, oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo àti ilé tuntun ni yóò máa rí. Igi ńlá ti ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ bó bá wọ Igbó Ọ̀ṣun, ara rẹ̀ á mọ̀ pé òun ti dé ibòmíràn. Oòrùn tó ń jó o lórí kò ní lè ṣe ju kó máa kán sílẹ̀ lójú kan lójú kan lórí ewé gbígbẹ, atẹ́gùn tútù á sì máa fẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò.

Ẹ rọra tẹ ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, kí ẹ gbójú sókè wo ìrókò. Kò yọ ẹ̀ka títí ó fi ga ju àwọn igi yòókù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣá a lọ́bẹ, oje funfun bíi wàrà ni yóò sun jáde. Àwọn àgbà ní Olúwéré ló ń gbé inú rẹ̀, ìyẹn ni agégi fi ń ṣètùtù kó tó gbé àáké sí i. Ìtàkùn lọ́ mọ́ igi bí okùn, ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka.

Ta ló dá àwọn igi wọ̀nyí sí? Ìtàn ní nígbà tí Ọba Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ fẹ́ tẹ̀ dó sétí omi yìí, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó sínú odò. Ni ohùn kan bá ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n kó sókè díẹ̀, wọ́n sì bá a mulẹ̀. Láti ìgbà náà, igi gígé, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa di èèwọ̀ níbẹ̀.

Èèwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun nígbà tí àwọn agégi àti olóko ń wọ igbó náà. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ló dìde gbèjà rẹ̀. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO fi í kún àwọn ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 péré ni, síbẹ̀ irú ewéko tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, èyí tó ju 200 nínú wọn sì jẹ́ egbòogi.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá ló ní igbó ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ìlobùú ní Erinlẹ̀, ọdẹ tó di odò, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń kó òkúta odò sínú ìkòkò fún. Omi Erinlẹ̀ yìí ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun tí àwọn awakùsà góòlù lókè odò ti sọ di ẹrẹ̀ pípọ́n. Gbogbo èyí fi hàn pé òfin nìkan kò lè gba igbó là. Ìtàn tí òbí sọ fọ́mọ ló mú kí òfin ní agbára.

Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ìfọ́n, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá padà délé, ẹ gbin ìrókò kan sétí Erinlẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìkòkò aró ẹnìkan ń bẹ nísàlẹ̀ omi.