Òjé: Májèlé Tí Ó Ń Fara Pamọ́ Sínú Ilé

Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ìròyìn kan àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières pé àwọn ọmọdé ń kú léraléra ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àríwá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ohun tí àwọn òbí rí kò ṣàjèjì: ọmọ ń bì, inú ń run ún, gìrì sì ń gbé e. Ó jọ ibà lójú wọn. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò ni àṣírí tú pé òjé ni ó ń pa wọ́n.

Inú òkúta tí wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè náà ni òjé yìí wà. Àwọn ará abúlé a máa kó òkúta náà wálé, wọn a fọ́ ọ, wọn a sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n tó lè yọ wúrà inú rẹ̀. Eruku rẹ̀ a bà sí àgbàlá, sórí ẹní àti sínú oúnjẹ. Àwọn ọmọ tí ó ń rákò, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ni wọ́n ń gbé e mì.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti àjọ CDC ti Amẹ́ríkà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà ṣe ìwádìí ní Dareta àti Yargalma, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó ti kú láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tí ó béèrè ìtọ́jú kíákíá. Ní gbogbo agbègbè tí ọ̀ràn náà kàn, ó kéré tán, ọmọ 400 ni wọ́n ṣírò pé ó bá a lọ. Ní ọdún 2015, irú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà tún pa ọmọ 28 ní Shikira, ní ìpínlẹ̀ Niger.

Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé òjé jọ kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tí ó ń mú egungun le, lọ́nà tí ara fi ń gbà á wọlé, tí ó sì ń fi í pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, òjé àtijọ́ yìí lè tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ara ọmọ inú rẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ó ń pa lára jù, nítorí pé ara wọn lè gba òjé ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọpọlọ wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Oògùn wà tí ó ń so mọ́ òjé nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń bá a jáde nínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gba oògùn tán, tí ó tún padà sínú eruku kan náà, asán ni làálàá náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń ha ilẹ̀ olóró kúrò nínú àwọn àgbàlá, tí wọ́n sì ń fi ilẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní Bagega, ọdún 2013 ni iṣẹ́ yìí tó wáyé. Títí di ìgbà náà, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dúró de ìtọ́jú.

Ẹ̀wẹ̀, ewu òjé kò mọ sí ibi ìwakùsà. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìran rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà ní ọjà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sí i lójú, ni orísun rẹ̀: ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà tí ó jẹ́ òjé. Ojú lásán kò lè mọ tìróò tí ó ní òjé yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ìlera gbà àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n má ṣe lé tìróò fún ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ bátìrì ọkọ̀ tàbí yọ́ òjé rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tí ó ń fi òjé ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí ó sì pa aṣọ dà kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ fífọ̀ kí ọmọ tó jẹun ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ tí ó ní áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù, bí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja, nítorí pé ara tí ebi èròjà wọ̀nyí ń pa ni ó tètè ń gba òjé.

Ilẹ̀ tí òjé bàjẹ́ ṣeé hà kúrò, ṣùgbọ́n oògùn kò lè dá ohun tí ó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ padà.