Àpá Kéékèèké Lára Ọ̀dà Ọkọ̀: Èyí Tí Ẹ Lè Tún Ṣe Nílé Àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró De Òjò

Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ìbáà jẹ́ ní agbègbè Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànrán, mọ̀ pé ọ̀dà ọkọ̀ kì í pẹ́ gba àpá lójú ọ̀nà oko. Ẹ̀ka igi ẹ̀bá ọ̀nà a máa fá a. Ọ̀kadà tí ó fẹ́ há ara rẹ̀ kọjá a máa họ ọ́. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò ẹ̀gẹ́ tí a ń wọ́ sínú búùtù kò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ tí ó fi bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe ibùsùn. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọkọ̀ kan náà yìí, Micra tàbí Camry àlòkù, ni ó ń gbé irè oko lọ sọ́jà, òun náà ni ó sì ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lóru. A fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe mọ àpá tí ẹ lè fọwọ́ ara yín tún ṣe, àti èyí tí ń jẹ irin lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Lórí irin ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní práímà. Àwọ̀ tí ojú ń rí ni ó tẹ̀ lé e. Lórí àwọ̀ yìí ni ìpele aláìláwọ̀ kan wà tí ń dán bíi gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní kílíà. Ẹ fọ ojú àpá náà mọ́, kí ẹ sì rọra fi èékánná fà á kọjá níbùú. Bí èékánná kò bá kọ́, kílíà nìkan ni ó fara pa. Bí ó bá kọ́, àpá náà ti wọ inú àwọ̀. Bí ẹ bá sì rí irin tí ń tàn, tàbí àmì pupa rúsúrúsú, omi ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Èyí tí èékánná kò kọ́ kò yẹ kí ó mú yín náwó lọ́dọ̀ pẹ́ńtà. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan eruku kúrò kí ẹ tó fi ohunkóhun kan án, nítorí iyanrìn wà nínú eruku pupa ọ̀nà wa. Ẹni tí ó bá fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ ní àsìkò ọyẹ́, àpá tuntun ni ó ń fi kún ti àtijọ́. Ọṣẹ olómi fẹ́ẹ́rẹ́ àti fóòmù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe kàn-ìn-kàn-ìn tàbí irin ìfọkòkò. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́ bu rubbing compound díẹ̀, kí ẹ sì máa yí i róbótó lórí àpá náà láìtẹ̀ ẹ́ jù. Bí ọ̀dà ọkọ̀ mìíràn bá lẹ̀ mọ́ tiyín, yóò ṣí kúrò báyìí. Ẹ dáwọ́ dúró ní kété tí àpá bá parẹ́, torí kílíà tí a bá fá tán kì í hù padà. Ẹ wá fi wáàsì kùn ún. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò a máa ran àpá tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an lọ́wọ́, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi bẹntiróòlù nu ọkọ̀ rárá: ó lè ba ọ̀dà jẹ́, ó sì lè gbiná.

Àpá tí ó dé irin ni kò gbọdọ̀ dúró de òjò. Atẹ́gùn àti omi ni ó ń mú kí irin dógùn-ún, ìdógùn-ún náà a sì máa yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà tí ó dára ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, débi pé ohun tí kò ju ìka lọ lè di ihò. Ó tún yára sí i lára ọkọ̀ tí ń kó ajílẹ̀ inú àpò, ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ẹ̀gẹ́ rírin tí omi rẹ̀ kan, nítorí gbogbo wọn a máa jẹ irin. Ẹni tí ó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kí ó fọ búùtù àti etí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ náà gan-an. Ti bọ́ńpà yàtọ̀: ike ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kì í dógùn-ún, nítorí náà ó lè dúró di ìgbà tí owó bá wà.

Láti dí àpá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ yín. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, níwájú lẹ́tà C/TR. Ti àwọn ọkọ̀ mìíràn a máa wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń po ọ̀dà tàbí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, bí irú Àràrọ̀mí ní Agodi Gate. Àmọ́ oòrùn ti lè mú àwọ̀ ọkọ̀ àlòkù ṣá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ojú kò tó. Ẹ fi pépà èmérì ha ìdógùn-ún kúrò títí irin yóò fi mọ́, ẹ nù ún, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun práímà. Bí ó bá gbẹ, ẹ kun àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí kílíà tẹ̀ lé e. Ẹ má kun ọ̀dà nínú oòrùn gangan tàbí nígbà tí òjò bá ṣú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dán ojú rẹ̀.

Bí ó bá di ti pẹ́ńtà, ẹ béèrè bóyá ibi tí ó bàjẹ́ nìkan ni ó fẹ́ kùn tàbí odindi ilẹ̀kùn, kí ẹ tó dúnàá dúrà. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí ibi tí ó ti ń fọ́n ọ̀dà, nítorí ìkùukùu ọ̀dà tí a fi hádínà pò lè fa ikọ́ fée. Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọdọ̀ bo imú pẹ̀lú ìbòmú tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà, kì í ṣe aṣọ ìnujú. Àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Àtúnṣe àpá ní àwọ̀ kan náà kò béèrè ìwé kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ padà pátápátá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n yí i nínú àkọsílẹ̀.